Bí Èmi-Gan-an Ṣe Di Onímọ̀ Kòkòrò

Ẹ wá àga jókòó, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó níwájú òun, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níyà.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ oúnjẹ wò. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ̀ bóyá oúnjẹ tí wọ́n ń tà, àti èyí tí wọ́n ń sè fún àwọn ọmọ iléèwé, ní kòkòrò àìfojúrí nínú, irú kòkòrò tó ń mú kí inú run ènìyàn títí yóò fi máa ké pe ìyá rẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, pẹ̀lú oyè mẹ́fà níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Èmi-Gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Ìdí ni pé kò mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ láìfi "èmi gan-an" sí i. "Èmi gan-an rò pé òjò máa rọ̀ lónìí." Bí òjò bá rọ̀, á wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo òṣìṣẹ́ tó gbọ́ràn. Bí kò bá rọ̀, ẹnìkan nínú ọ́fíìsì ló máa gba ìwé ìbáwí.

Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù. Mi ò sọ pé atẹ́gùn fẹ́ sí i o, mo ní ó tutù. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta ló wà lára ògiri, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń kùn láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ṣíwọ́, torí pé Èmi-Gan-an kì í bọ́ kóòtù, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òógùn lójú òun láéláé. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni akọ̀wé rẹ̀ ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Láago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo olórí ẹ̀ka á tò sẹ́nu ọ̀nà láti kí i, ìkíni náà sì ní ètò tirẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò jẹ́ ká jẹ májèlé." Ẹni kejì á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀yin tí kòkòrò ń rí tó ń sá." Ẹni tó bá tún ti èyí tó lò lánàá sọ, ó di dandan kó padà sẹ́yìn ìlà lọ ronú. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, ti tẹríba títí ẹnu táì rẹ̀ fi ya níbi tó ti ń gbálẹ̀.

Nísàlẹ̀ ilé kan náà, níbi tí kò sí amúlétutù kankan, ni yàrá àyẹ̀wò wà. Ibẹ̀ ni obìnrin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Ìgò ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún, láàárín àwọn ìgò kéékèèké àti àpótí ìgbóná kan tó ń kú ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni èsì rẹ̀ ń gbà kó tó jáde. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje, jẹ ẹ̀wà níléèwé, ó sì lo ọjọ́ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Lọ́jọ́ karùn-ún ni èsì dé pé kòkòrò wà nínú ẹ̀wà náà. Ìyá Ìgò fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú.

Àbúrò rẹ̀ wo ìwé náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Kí ni àyẹ̀wò tó ń dé lẹ́yìn àìsàn wúlò fún?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ìgò dé egungun. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn, ó sì fi ọdún méjì wá a. Nígbà tó rí i, ohun tó rí rọrùn débi pé ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á bu oúnjẹ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n á da omi oògùn kan tó fúnra rẹ̀ pò sí i, wọ́n á ti ìwé funfun pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, wọ́n á sì dé e. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́fà, ìwé náà á yí padà: irú kòkòrò kan á sọ ọ́ di aláwọ̀ aró, irú kejì á mú un pọ́n. Ṣùgbọ́n kòkòrò ò ní ṣe ohunkóhun láìjẹ́ pé ó rí ìgbóná bíi ti ara èèyàn, àpótí ìgbóná sì ti kú. Ni Ìyá Ìgò bá rán àpò sára ọ̀já kan, ó kó ìgò sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó da aṣọ bò ó, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbàdí èèyàn kì í retí iná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ó lóyún ìgò.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé mọ́kànlá, ó wọ súwẹ́tà, ó gbé e gòkè lọ bá Èmi-Gan-an.

Èmi-Gan-an ka ojú ìwé méjì, inú rẹ̀ dùn. Ó ka ìkẹta, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ránṣẹ́ pe Bẹ́ẹ̀-ni-Sà.

"Ó ní ká so ìgò mọ́ kí ni?"

"Mọ́ ìbàdí, sà. Wọ́n ní ìgbóná ara ni kòkòrò náà nílò kó tó..."

"Kí èmi gan-an dúró níwájú gbogbo ayé, kí n wá máa ròyìn ìbàdí?"

"Kò bójú mu, sà."

"Àwòrán mi ń bọ̀ lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣé pẹ̀lú ọ̀já ni kí wọ́n yà mí?"

"Ó lòdì, sà."

Èmi-Gan-an mú gègé pupa, ó fa ìlà sí ìbàdí, ó kọ ọ́ sókè pé: "Lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, fún wákàtí mẹ́fà." Ìwọ̀nba ohun tó fi kún ìmọ̀ ẹ̀dá láyé rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó pa orúkọ Ìyá Ìgò rẹ́, ó fi tirẹ̀ sí i pẹ̀lú oyè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fi í ránṣẹ́ láti gba ìwé ẹ̀tọ́, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé lágbájá ló dá nǹkan sílẹ̀, pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ lò ó àfi bó bá gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé Bẹ́ẹ̀-ni-Sà mọ̀ pé kòkòrò ò lè hù nínú òtútù? Ó mọ̀ dáadáa. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọ níléèwé. Ṣùgbọ́n ó ti tẹríba kó tó rántí.

Lọ́jọ́ tó kéde ọ̀nà tuntun náà, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn. Èmi-Gan-an gun orí pèpéle.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "odidi ọdún méjì ni èmi gan-an fi wo kòkòrò lójú, tí kòkòrò náà ń wò mí. Ilé mi ò gbúròó mi. Bàtà mi ń béèrè mi. Kòkòrò ní òun ò ní gbà, èmi gan-an ní mi ò ní gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kòkòrò ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹni tó kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, nítorí náà wọ́n pa á títí agogo oúnjẹ ọ̀sán fi lù, wọ́n sì ń pa á lọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn, Ìyá Ìgò nìkan ló káwọ́ gbera, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àṣẹ dé lọ́jọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ọ̀nà náà níbòmíràn àfi lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé Ọ̀gá Àgbà. Ó tún tẹ fọ́ọ̀mù kan tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kún, ọsibítù pẹ̀lú. Lára fọ́ọ̀mù náà, ó ní kí wọ́n fàyè ńlá sílẹ̀, kí wọ́n kọ "Orúkọ ẹni tí ọ̀nà yìí jẹ́ tirẹ̀" síbẹ̀ ní lẹ́tà gàgàrà, kí àwọn aráàlú lè máa fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ òun lójoojúmọ́. Àwọn alásè iléèwé wá tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí, wọ́n ń gbọ̀n.

Gbogbo ìwé tó jáde lórí tábìlì yẹn, funfun báláú ni. Ìrẹsì, funfun. Ẹyin, funfun. Ẹja tó ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé fi bo imú, funfun. Kòkòrò náà mà ní ẹ̀mí o jàre, òtútù ń mú un. Bó bá ti dé orí tábìlì yẹn, á ká jọ, á sùn, bí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń wá ṣèpàdé ṣe máa ń sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò rí oúnjẹ kan ṣoṣo tó ní àbùkù, Èmi-Gan-an gbé pátákó ńlá sójú títì: KÒKÒRÒ TI TÁN.

Lọ́sẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ iléèwé méjì ń bì. Èmi-Gan-an ṣe ìwádìí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó rí i pé ẹ̀rín ló fà á. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, atẹ́gùn ń wọ̀ wọ́n nínú. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ kan ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín láàárín aago méjìlá sí aago kan. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ gba ìwé náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ìyá Ìgò ò lè gbé e mì mọ́. Ó tún gòkè lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ìgbóná ló kù níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dá ìgbóná padà. Àwọn ọmọ ń jẹ oúnjẹ yẹn."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ àtimáa ronú lé iṣẹ́ mi lórí?" Èmi-Gan-an béèrè. "Láti ọ̀la, ibi tí àwọn àlejò ń kó agboòrùn sí ni wàá ti máa ṣiṣẹ́. Máa ṣọ́ wọn."

Báyìí ni ẹni tó mọ kòkòrò jù nílé iṣẹ́ náà ṣe di olùṣọ́ agboòrùn mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò rẹ̀ wá kí i níbẹ̀, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbé ọmọ aládùúgbò mi lọ sí ọsibítù láàárọ̀ yìí. Ẹ̀wà náà ni. Ṣé agboòrùn lẹ fẹ́ máa ṣọ́ títí ayé ni?"

"Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Wọ́n ti lé yín, ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ̀."

Ìyá Ìgò dìde. Ó kó ìwé tó ti ń kọ àkọsílẹ̀ fún ọdún méjì, ó lọ kọ ẹ̀hónú sí ọ́fíìsì ìwé ẹ̀tọ́ pé òun lòun ni ọ̀nà náà. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá pàdánù, iṣẹ́ lọ nìyẹn, kò sì sí alásè iléèwé kankan tó máa lè yẹ ìkòkò ara rẹ̀ wò láéláé.

Ìyá àgbà kan tó wọ awò, tí kì í sọ ju ohun tó yẹ lọ, ni adájọ́ ọ́fíìsì ìwé ẹ̀tọ́. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Èmi-Gan-an kó èèyàn mẹ́rìnlá wá, ọ̀kan nínú wọn ò níṣẹ́ méjì ju kó gbé àpò awò ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó fi ara rẹ̀ wé oòrùn, ó ronú sí i, ó ní oòrùn náà kéré.

"Ẹ ṣeun," ni adájọ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká yẹ oúnjẹ wò."

Ó yọ ife mẹ́ta nínú báàgì, omi ẹran ló wà nínú wọn: ọ̀kan onídèérí pupa, ọ̀kan onídèérí dúdú, ọ̀kan onídèérí funfun. "Ọ̀kan nínú wọn ti wà lójú fèrèsé mi láti ọjọ́ méjì. Mo ti kọ èyí tó jẹ́ sínú àpòòwé yìí. Níbo lẹ ti fẹ́ ṣe é?"

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, orí tábìlì Ọ̀gá Àgbà ni. Gbogbo wọn bá wọ́ lọ síbẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Adájọ́ we gèlè rẹ̀ mọ́ ọrùn. Èmi-Gan-an to ìgò mẹ́ta tirẹ̀ sórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn wọn sí ògiri kí wọ́n lè dojú kọ òun. Ìyá Ìgò kó mẹ́ta tirẹ̀ sínú ọ̀já, ó so ó, ó fa aṣọ bò ó, ó jókòó jẹ́jẹ́. Àwọn èèyàn mẹ́rìnlá náà rín in. Nígbà tó di ọ̀sán, eyín Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ti ń lu ara wọn. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé àtẹ́wọ́ ni, ó mi orí sí i.

Aago mẹ́ta lù. Èmi-Gan-an gbé ìwé tirẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Funfun, funfun, funfun. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́," ó ní. "Bí mo bá ti wo oúnjẹ, ó mọ́ nìyẹn."

Ìyá Ìgò tú ọ̀já. Funfun. Funfun. Ẹ̀kẹta ti rẹ aró. "Onídèérí dúdú ni, mà," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu kàn án."

Adájọ́ nawọ́ sí àpòòwé. Bó bá jẹ́ èmi àti ẹ̀yin ni, a máa dúró gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Èmi-Gan-an kì í dúró de ẹlòmíràn kó tó mọ òtítọ́. Ó ti gbá ife onídèérí dúdú náà mú.

"Wọ́n ní ìdọ̀tí wà nínú ohun tí èmi gan-an ti ní ó mọ́? Ẹ wò ó."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún." Ìyá Ìgò ti fò dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, bí ẹni ń bẹ ọmọ. Èmi-Gan-an já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó gbé omi ẹran náà mu, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ ife, ó na ife náà sí igbákejì rẹ̀. "Tọ́ ọ wò, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ náà."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wo ife. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń tẹríba, ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tó ya òun alára lẹ́nu. "Rárá, sà," ó ní, àwọn tó wà níbẹ̀ sì sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nà tààrà lọ́jọ́ náà.

Adájọ́ ṣí àpòòwé, ó kà á: "Dúdú."

Ẹ̀yin á rò pé ó parí síbẹ̀. Ó wù yín o. Èmi-Gan-an tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó ní atẹ̀wé ló ṣàṣìṣe, pé òun gan-an ti mọ̀ nípa ìbàdí tipẹ́, ìtìjú ló mú kí òun má sọ. Ó ní òun máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, bó bá máa gba ọdún mẹ́wàá kó gbà á, kí àṣẹ òun sì dúró bó ṣe wà. Adájọ́ ní òfin fún un láyè bẹ́ẹ̀, àfi tí òun bá rí ẹ̀rí láti ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹlòmíràn ló ni ọ̀nà náà. Ìyá Ìgò padà sídìí agboòrùn, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Èmi-Gan-an wà ní ọsibítù. Mi ò ní ròyìn bó ṣe débẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọn ò lè bọ́ kóòtù rẹ̀ lásìkò.

"Kí lẹ jẹ, sà?" dókítà béèrè.

"Èmi gan-an ò jẹ nǹkan tí kò dáa rí."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní irú kòkòrò méjì ló lè fa èyí, oògùn ọ̀kan sì máa ń mú kí èkejì burú sí i. Òun gbọ́dọ̀ yẹ ohun tó ń jáde lára rẹ̀ wò. Èsì rẹ̀ á gba ọjọ́ márùn-ún.

"Ọjọ́ mélòó?" Èmi-Gan-an sọ, ó sì tún sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nígbà tó jáde, nọ́ọ̀sì kan ti dúró dè é pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó tẹríba díẹ̀ kí i. "Ẹ kú ìnira, sà. Ọ̀nà oníwákàtí mẹ́fà wà, ṣùgbọ́n àṣẹ yín wà lára ògiri wa, a ò lè ṣe é láìjẹ́ pé ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ fọkàn balẹ̀, awakọ̀ ti ń dúró, ká kàn sáré gbé ìgò náà lọ sórí tábìlì yín."

Inú Èmi-Gan-an ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ẹ má gbé e lọ síbẹ̀," ó ní.

"Kí ló dé, sà?"

"Ó tutù."

"Níbo ni ká wá gbé e sí?"

Ó wo àjà ilé. Ó wo ilẹ̀. "Ẹ so ó mọ́ ìbàdí."

"Kò burú, sà. Ó ku orúkọ ẹni tó ni ọ̀nà náà níbí. Bẹ́ ẹ bá kọ tiyín, tiyín la máa tẹ̀lé, orí tábìlì. Bẹ́ ẹ bá kọ ti oníbàdí, ti oníbàdí la máa tẹ̀lé."

Ó gba gègé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i, ẹ̀yin èèyàn mi, bó ṣe gbé gègé náà lé àyè ńlá yẹn, tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú oyè rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ yí bìrí. Ó fa ìlà sí i kíákíá. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" ó ní.

Ọdún mọ́kàndínlógún. Kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, tó wá bẹ̀ ẹ́ wò, tó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ló sọ orúkọ obìnrin náà fún un, orúkọ àbísọ àti ti bàbá, ó sì pe lẹ́tà rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìkánjú, pẹ̀lú ìgbádùn ńlá. Èmi-Gan-an kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Nọ́ọ̀sì so ìgò mọ́ ìbàdí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní wọ́ọ̀dù. Ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìwé ti rẹ aró, wọ́n mọ oògùn tó yẹ, wọ́n sì fún un.

Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà dé ọwọ́ adájọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìbuwọ́lùwé Èmi-Gan-an nìyẹn, lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Adájọ́ fi ìwé ẹ̀tọ́ fún Ìyá Ìgò, àwọn tó gbé Èmi-Gan-an sípò sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i pé kó sinmi, kó sinmi dáadáa, kó má padà wá. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti kà á. Nọ́ọ̀sì fẹ́ tù ú nínú, ó ní inú ìwé ọsibítù, òun ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà náà wò sàn. Èmi-Gan-an bá dìde jókòó. "Àkọ́kọ́?" ó ní. "Ṣé wọ́n á fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ìyẹn?"

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Ìgò fi ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe. Ó kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ pé alásè tó bá wù ú kó lò ó, kó má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó lọ síléèwé ọmọ àbúrò rẹ̀. Alásè ibẹ̀ tú ọ̀já ìbàdí rẹ̀ láago mọ́kànlá, ó wo ìwé tó wà nínú ìgò ẹ̀wà, ó rí aró. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n gbé odidi ìkòkò ẹ̀wà, wọ́n dà á nù, wọ́n sì pín búrẹ́dì gbígbẹ fún àwọn ọmọ.

Àwọn ọmọ bínú o. Wọ́n bú alásè, wọ́n bú búrẹ́dì, ọmọ àbúrò rẹ̀ sì wá bá Ìyá Ìgò lójúkojú, ó ní gbogbo èyí, ẹ̀yin lẹ fà á, mà, ebi ṣì ń pa mí. Ìyá Ìgò rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí agogo ìparí iléèwé lù, gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé, tí wọ́n ń ráhùn lọ lójú ọ̀nà.